Ẹ̀wà Ti Di Oúnjẹ Olówó: Láti Bódìjà Dé Challenge

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo wọ ọjà Bódìjà nílùú Ìbàdàn, lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Àwọn tírélà tó kó ẹ̀wà àti àlùbọ́sà dé láti Òkè Ọya ti tò sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì wọn ṣì gbóná, òórùn dísù wọn ń bá òórùn àlùbọ́sà tó ti ń rà du afẹ́fẹ́. Àwọn alábàárù ń já àpò, wọ́n ń sáré kọjá láàárín èrò, wọ́n ń pariwo "Àgò o! Ẹ yà lọ́nà!", ẹsẹ̀ wọn sì ń ta ẹrẹ̀ dúdú sára ẹni tí kò bá tètè yà. Eruku ẹ̀wà ń gbá yìì nínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù, ó ń yún ni nímú, ó ń kó sí ni lọ́fun. Mo sín. Obìnrin kan tó ń tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́yìn mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Eruku owó ni."

Ohun tí mo wá wò ni ọ̀nà tí owó àpò ń gbà di ẹran ara. Láti kékeré la ti mọ̀ pé ẹni tó rí já jẹ ló ń sanra. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí àwọn tí kò rí já jẹ tí wọ́n sanra ju àwọn tó ń jẹ àjẹyó lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká mi lára. Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oúnjẹ ti ń wọ ìlú.

Ìyá ẹlẹ́wà tí mo jókòó tì kò dá ọwọ́ dúró nígbà tó ń dá mi lóhùn. Ó bu ẹ̀wà olóyin kún kóńgò, ó fi apá òsì ká ẹnu kóńgò náà bí ìgbà tí abiyamọ bá gbá ọmọ mọ́ra, ó wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún da ẹ̀wà lé e títí tó fi yọ ṣóńṣó. Bó ṣe rọra mú apá kúrò, ìwọ̀nba díẹ̀ ya sílẹ̀. Ó ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó dá a padà sínú àpò.

₦3,000 ni kóńgò kan.

Abiyamọ kan tó pọn ọmọ dúró níwájú wa. Ó bèèrè iye, ó dákẹ́, ó tún bèèrè bóyá gbẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ní, "Ẹ bá mi wọn ààbọ̀." Kí ìyá tó bu ú, ó tún ní, "Rárá mà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ agolo mílíìkì mẹ́ta." Ìyá wọ̀n ọ́n fún un, ó tún fi ìkúnwọ́ kan ṣe èènì nítorí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ̀wà kọ́ ni oúnjẹ mẹ̀kúnnù tẹ́lẹ̀?" Ìyá ẹlẹ́wà ló bi mí bẹ́ẹ̀. "Ẹni tí ò bá rówó ẹran ló ń sáré wá sọ́dọ̀ wa. Nísinsìnyí, àwọn tó ń gbé mọ́tò wá ló ń ra odidi àpò. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá, agolo ni."

Mo tẹ̀lé abiyamọ yẹn. Ìsọ̀ kejì tó yà sí, Indomie ló rà níbẹ̀, kékeré inú ọ̀rá, mẹ́fà. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé èwo ni wọ́n máa jẹ nínú èyí tó rà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wà á di ọjọ́ Àìkú. Gáàsì kílò kan ti kọjá ₦1,000. Tí mo bá gbé ẹ̀wà kaná, wákàtí méjì, mo ti jó gáàsì tó yẹ kó gbé wa dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tèyí, kí omi ṣá ti hó."

Èmi náà ò fi gáàsì sínú ìṣirò tí mo gbé wá láti ilé. Àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, náà kò fi sí i. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbé iye tí àgbàlagbà kan yóò ná lóòjọ́ kó tó lè jẹ oúnjẹ aṣaralóore jáde: oúnjẹ oníhóró tàbí oníṣu, ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, ẹran tàbí ẹja tàbí ẹyin, àti òróró. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ₦858 ni. Iye àárín gbùngbùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè nìyẹn, ilẹ̀ Yorùbá níbí ló sì wọ́n jù. Àwọn fúnra wọn sọ pé owó ọkọ̀ àti owó àtisè kò sí nínú rẹ̀. Ẹ sọ 858 di ìlọ́po 30. ₦25,740 ni. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Ẹnu kan ṣoṣo nìyẹn ń bọ́, kò tíì san owó ilé. Ìjọba sọ owó oṣù náà di ₦70,000 ní oṣù Keje, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dúró dè é: ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, iye tí oúnjẹ fi gbówó lórí láàárín ọdún kan ti di 40.87 nínú 100.

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí mo dé ìlà àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ibẹ̀ tutù, ó ń rùn fún ewé tútù àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, ìdì lórí ìdì, wọ́n ń wọ́n omi sí i lórí kó má bàa rọ. Ìdì tí wọ́n ń tà ti rí bí ìka ọwọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ẹlẹ́ja inú yìnyín wà, omi ẹja ń ṣàn lábẹ́ tábìlì, eṣinṣin ń yí ká. Títọ́ọ̀sì wà lápá kan, ṣáwá wà lápá kejì. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ra títọ́ọ̀sì, obìnrin kan tí dírẹ́bà rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìyókù ń ra ṣáwá, àwọn mìíràn ń ní kí wọ́n gé ẹyọ kan sí méjì. Òdìkejì ọ̀nà, lọ́dọ̀ àwọn oní-pọ̀nmọ́, èrò kún fọ́fọ́.

Takisí Micra gbé mi dé Mọ́kọ́lá, mo wọ òmíràn, mo wá fẹsẹ̀ rin èyí tó kù wọ Ìdíkàn. Àwọn ilé alámọ̀ tó fara ti ara wọn, pánù tó ti dípẹtà, gọ́tà tí wọ́n fi pákó dí lórí, ariwo ẹ̀rọ ìlọta tí kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ti ẹnìkejì. Òórùn òróró gbígbóná gba gbogbo òpópónà náà. Alákàrà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n èrò ìdí pọ́fù-pọ́fù pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo bi alákàrà. "Ẹ̀wà wọ́n, mo sì ti dín àkàrà kù títí. Wọ́n ní àkàrà mi ò kún ẹnu mọ́. Fùláwà, á kún wọn lẹ́nu."

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àgbáyé mọ orúkọ àdúgbò yìí. Láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti ilé ìwòsàn UCH àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó fi àwọn àgbà Ìdíkàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Àwọn àgbà Ìdíkàn ò sanra tó àwọn ti ọ̀hún, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì pọ̀ tó tiwọn. Oúnjẹ wọn nígbà náà ni àmàlà, ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀.

Iṣẹ́ kejì tilẹ̀ kan àwọn ọmọ Áfíríkà tó fọ́n ká. Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn dúdú láti Nàìjíríà, tí Ìgbò-Ọrà wà nínú rẹ̀, àti Kamẹrúùnù, dé àwọn erékùṣù Caribbean, títí dé Maywood lẹ́bàá Chicago. Lọ́dún 1997 ni wọ́n gbé e jáde. Nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Caribbean, 26. Ní Maywood, 33. Bí wọ́n ṣe ń lọ síwájú ni ara ń sanra sí i, tí iyọ̀ ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sọ pé ìjókòó ló fà á, pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ agbára. Wọ́n ti wọn ìyẹn náà. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2008, wọ́n ṣírò agbára tí àwọn obìnrin ìgbèríko wa ń lò lóòjọ́ àti èyí tí àwọn obìnrin dúdú ibẹ̀ ń lò. Nígbà tí wọ́n yọ ti bí ara olúkúlùkù ṣe tóbi tó kúrò, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi. Abọ́ oúnjẹ ló kù kí a wò.

Mo ń ro ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí mo yọ sí ibi tí àwọn elétò ìlera ta kánópì sí. Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ni. Oòrùn ti gun, ooru abẹ́ kánópì náà ń fẹ́ sí ni lójú, àwọn ìyá ń fi káàdì ilé ìwòsàn fẹ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọkùnrin kékeré kan ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ẹsẹ̀ wa, apá rẹ̀ tín-ín-rín, mo rò pé kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ìyá rẹ̀ ní ó ti pé mẹ́jọ. Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 lórí ìlera àwọn ìdílé sọ pé 37 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lórílẹ̀-èdè yìí ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Ìwádìí kan náà ló sọ pé 28 nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 sanra ju bó ṣe yẹ.

Ìyá ọmọkùnrin náà ni wọ́n pè tẹ̀lé e. Ó bọ́ sálúbàtà, ó tú ìborùn, ó gun òṣùwọ̀n. Kílò 84. Nọ́ọ̀sì fà á mọ́ ògiri, ó fi rúlà lé e lórí. Mítà 1.58. Ó wá yọ téèpù tí ẹnu rẹ̀ ti ṣá, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń lò, ó fi ká ìdodo rẹ̀, ó ní kó mí jáde, ó fà á dáadáa. Sẹ̀ntímítà 102. Ó pín kílò náà fún gíga ìyá ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ó lé ní 33. Bí ó bá ti dé 25, a ó ní ẹni náà ti sanra jù. Bí ó bá dé 30, ó ti di àìsàn.

"Màmá, ẹ ti sanra jù."

"Èmi tí ebi ń pa?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò tíì fi ẹran kan ẹnu láti ọdún Iléyá."

Nígbà tó jókòó, mo bẹ̀ ẹ́ kó ka ohun tó jẹ lánàá fún mi. Ìdí àtẹ rẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀, ó ń ta bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá. Láàárọ̀, búrẹ́dì pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò. Lọ́sàn-án, gààrí tó fi ṣúgà mu. Lálẹ́, ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀ àti pọ̀nmọ́ kan. Kò sí ẹ̀fọ́, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹyin. Ó ní òun máa ń jẹ ẹ̀bà yẹn títí yóò fi há òun láyà, torí bí òun ò bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ebi á jí òun láàjìn. Mo gbà á gbọ́. Gààrí àti ṣúgà kì í dúró níkùn, wọ́n á sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì fi ebi sílẹ̀. Èyí tí ara kò lò, ọ̀rá ló ń dà.

Wọ́n fún un ní ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ sí. Ọmọbìnrin rẹ̀ kà á sí i létí: ẹja, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ púpọ̀, èso lójoojúmọ́, kó dín ẹ̀bà kù, kó má mu ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sí etí ìró. "Ó dáa," ló ní. "Ta ni yóò bá mi rà á?"

Nọ́ọ̀sì náà kò dá a lóhùn. Ó pe ẹni tó kàn.

Aago méjì ọ̀sán ni mo dé Ring Road. Ooru ti ń gbé ojú ọ̀dà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn gíláàsì ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan, òtútù ẹ̀rọ amúlétutù gbá mi lójú. Adìyẹ díndín, òróró, ketchup, lọ́fínńdà. Àwọn ọmọ ilé ìwé aládàáni tò síwájú káńtà pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé wọn, wọ́n ń tọ́ka sí àwòrán oúnjẹ lára ògiri. Owó itan adìyẹ kan, ànàmọ́ díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ju kóńgò ẹ̀wà kan lọ dáadáa. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye kó tó pàṣẹ.

Níhìn-ín ni ohun tí a mọ̀ látijọ́ ṣì ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí 2018 yẹn fi hàn pé bí ìdílé bá ṣe lówó sí ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń sanra sí. Ọkùnrin alágbàṣe ilé kíkọ́ kan tó mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá jókòó tì mí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, gbogbo ẹbí ló ń kí òun kú oríire, pé ara òun ti bọ̀ sípò. Ó gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé.

"Ìyàwó mi ló ń dáná tèmi lọ́tọ̀ báyìí," ó ní, ó ń wo adìyẹ àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀wà, ẹja títọ́ọ̀sì, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo tún forúkọ sílẹ̀ níbi eré ìdárayá. Mo ti já kílò mọ́kànlá."

Ìwé kan náà ni wọ́n fún òun àti ìyá Ìdíkàn. Mo fi ojú mi rí ti ìyá náà, mo fi etí mi gbọ́ ti ọkùnrin yìí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Peckham, nílùú London, ó sì ti sọ fún un pé lọ́dọ̀ àwọn, àdúgbò àwọn tálákà lèèyàn ti ń rí ọmọ tó sanra. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdọọdún ni wọ́n ń wọn àwọn ọmọ ilé ìwé. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2022 sí 2023, nínú 100 ọmọ tó ń parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò tó tòṣì jù lọ, 30.2 ló ní ìsanrajù. Ní àdúgbò tó rọ̀ṣọ̀mù jù lọ, 13.1.

Nígbà tí mo jáde, mo ra ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á nínú kúlà. Sẹ̀ntílítà 60. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ìjọba ti fi owó orí lé e. Kò mọ̀. Òfin ìṣúná ọdún 2021 ló gbé e kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2022: ₦10 lórí lítà kan. Lórí ìgò tó wà lọ́wọ́ mi, ₦6 ni.

"Náírà mẹ́fà?" Ó wo ìgò náà. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní ṣéńjì náírà mẹ́fà."

Alẹ́ lẹ́ bá mi ní àdúgbò Challenge. Àwọn mẹ̀ṣáyì tó ń se Indomie ti gbé tábìlì jáde, iná gáàsì ń jó búlúù, páànù ń hó ṣáá-ṣáá, òórùn àlùbọ́sà àti màgí gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì. Bẹ́ǹṣì kún: ọlọ́kadà, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ṣọ́ báǹkì kan tí kò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n ń jẹun kíákíá, wọ́n ń dìde, àwọn mìíràn ń jókòó. Bí mo ṣe ń wò wọ́n, mo rántí iṣẹ́ kan tó jáde ní 2019: Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi 20 ènìyàn sínú ilé ìwòsàn kan, wọ́n fi oúnjẹ ilé iṣẹ́ bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi oúnjẹ tí a sè láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n jẹ iye tó bá wù wọ́n. Nígbà tó jẹ́ oúnjẹ ilé iṣẹ́, nǹkan bí kálórì 500 ni wọ́n fi ń jẹ ju ti oúnjẹ kejì lọ lóòjọ́. Wọ́n fi nǹkan bí kílò kan sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti pàṣẹ Indomie méjì àti ẹyin kan. Dísù àti gírísì ṣì wà ní àárín èékánná rẹ̀. Ó ní láti àárọ̀, búrẹ́dì nìkan ni òun jẹ. Mo bi í bóyá kò fẹ́ràn ẹ̀wà. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ẹ̀wà àti dòdò ni ìyá òun fi tọ́ òun, pé obìnrin kan wà lẹ́yìn ilé epo tó ń ta ẹ̀wà tó dáa, ṣùgbọ́n ìkòkò kékeré ló ń sè báyìí, kì í kọjá aago mẹ́wàá àárọ̀ kó tó tán, iye tó ń bù fún ènìyàn kò sì lè gbé ọkùnrin dé ọ̀sán.

Ó yọ owó jáde, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ìmọ́lẹ̀ iná gáàsì. Ó gbé orí sókè sí mẹ̀ṣáyì tó ti mú ẹyin lọ́wọ́, tó fẹ́ fọ́ ọ.

"Màlámù, yọ ẹyin. Fi Indomie kan kún un."

Mẹ̀ṣáyì dá ẹyin padà sínú kíréètì, ó fi eyín fa ọ̀rá kẹta ya.